Sáyẹ́ǹsì Méjì tí Mo Yàn fún Àǹtí Múnírátù

Ó ṣojú mi kòró. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, nítorí àwọn kan wà nínú ẹbí wa tó ń sọ ìtàn yìí lódìlódì, bẹ́ẹ̀ wọn ò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, nínú ilé onípásééjì gígùn tí a ń gbé ní Mùṣín, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí ojú mi ò tó. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jí lọ pọn omi níbi ẹ̀rọ, garawa méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀kán omi kan ò sì ní í ta sílẹ̀. Bí mo bá dé, màá gbá pásééjì, màá fọ àwo àná, lẹ́yìn náà ni ìyá wa yóò pín ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà fún wa. Ẹni tí kò bá gbálẹ̀ náà kanlẹ̀ yóò jìyà: ìka kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, títí ojú rẹ̀ yóò fi máa ṣú. Ní ti ká fi ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò gbá bọ́ọ̀lù lórí pákó, ẹ lọ béèrè mi ládùúgbò. Wọn ò tíì bí ẹni tó máa borí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Múnírátù, kì í bá wa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde ni. Bí òjò bá rọ̀, tàbí tí ọyẹ́ bá mú, eegun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ìyá wa á máa fi òrí pa á lóríkèé-ríkèé, gbogbo yàrá á kún fún òórùn òrí. Lọ́jọ́ kan tó pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ girama rẹ̀, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Gbígbé ni wọ́n gbé e wálé. Bàbá mi, rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ládìpọ̀, sọ pé ó parí, ilé ni ọmọ òun yóò ti máa kàwé.

Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Bàbá Múnírátù, ṣé yunifásítì lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ nínú yàrá yín ni?"

Bàbá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bá mi mú ọmọ wá."

Tíṣà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó háyà yàrá iwájú nílé wa, ló ń kọ́ ọ nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun alásárì. Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì, Àgíríìkì, gbogbo ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kà, àmọ́ Kẹ́mísìrì ló gbádùn jù. Lọ́jọ́ kan, ó rẹ òdòdó ìsápá pupa sómi, ó dà á sínú ife méjì. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó ju káún sínú èkejì, ó di àwọ̀ ewé. Mo fò sẹ́yìn, mo ní àjẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà mú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, kó lè máa tọ́jú àwọn tí eegun ń ro bíi tirẹ̀. Kò tún sí ohun mìíràn tó ń tọrọ lórí ìrun.

Ìgbà tí ìdánwò àṣejáde ku ọdún méjì ni tíṣà wá bá bàbá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sáyẹ́ǹsì mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ara ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ ká mú méjì, ká sì mú un dáadáa."

Bàbá mi ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti so iná iwájú ọkọ̀ tí wọ́n fi tẹ̀yìn sílẹ̀? Èwo la fẹ́ yọ?"

"Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bá béèrè la ó mú. Wọ́n ní wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́nu géètì wọn ní Yábàá. Ó kàn jẹ́ pé n kì í kúrò níbi iṣẹ́ lásìkò ni."

Mo dìde. Mo ní èmi ni kí wọ́n rán.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, mo sì ti ní orúkọ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ìwé ìròyìn tí wọ́n bá fi pọ́n àkàrà, èmi ni mo máa ń kà á fún wọn ní gẹ̀ẹ́sì, tí màá sì túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni mo mọ̀. Mẹ́fà tó kù, ọpọlọ mi ló ń bù ú sí i. Kò sẹ́ni tó lè dá mi lẹ́kun, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kà níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Mọ́ṣúùdù lọ́yà!" Bàbá mi á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún ilé.

Mo fẹsẹ̀ rìn kọjá Ojúẹlẹ́gba, mo gba Sábó, mo débẹ̀. Ìwé náà wà lẹ́yìn wáyà, ó gùn, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́. Mo wò ó títí. "Bàọ́lọ́jì" nìkan ni mo dá mọ̀, nítorí ó wà lẹ́yìn ìwé ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọmọbìnrin ń dà á kọ nítòsí mi. Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó ní, "Àbúrò, ṣé kí n kà á fún ẹ?"

Mo ní, "Mo ti kà á tán, Àǹtí."

Gbólóhùn yẹn kò gùn. Mo délé, mo ní Bàọ́lọ́jì àti Àgíríìkì ni wọ́n fẹ́. Àgíríìkì ni mo fi kún un torí òun ni mo mọ̀ jù ní ilé ìwé tèmi. A máa ń lọ roko tíṣà wa.

Tíṣà ní, "Àgíríìkì? Fún nọ́ọ̀sì? Ẹ jẹ́ kí n wá àyè lọ wò ó fúnra mi."

Ojú bàbá mi yí padà. "Tíṣà, ṣé ọmọ mi ń purọ́ ni?"

Tíṣà kò lọ mọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: kò sí ọmọlúàbí tó máa pe ọmọ ẹni lópùrọ́ níṣojú ẹni. Àǹtí Múnírátù pa ìwé Kẹ́mísìrì dé, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Fún ọdún méjì ló fi gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́ sínú agolo ọ̀dà lẹ́yìn ilé. Èmi ni mo ń ru ìgbẹ́ adìyẹ lọ síbẹ̀, èmi náà ni mo ń bomi rin ín. Irọ́ mi ni mo ń bomi rin láràárọ̀, ó sì ń hù dáadáa. Ìgbà méjì ni mo la ẹnu láti sọ ọ́, tí mo sì tún pa á dé.

Ó yege, méjèèjì ló mú lókè téńté. Bàbá mi wọ aṣọ Jímọ́ọ̀ rẹ̀, èmi àti tíṣà sì tẹ̀ lé òun àti Àǹtí Múnírátù lọ sí Yábàá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ìyá tó gba fọ́ọ̀mù wò ó, ó ní, "Kẹ́mísìrì dà?"

Bàbá mi ní, "Ẹ ò béèrè Kẹ́mísìrì, ìyá."

Ó mú wa lọ síbi ògiri. Tíṣà kà á sókè. Kẹ́mísìrì ló wà ní ìlà kejì. Ìyá náà ní bó ṣe wà látọdúnmọ́dún nìyẹn. Bàbá mi yíjú sí mi. Mo ti mú ara le de ìgbátí, àmọ́ kò nà mí. Ó kàn ká etí agbádá rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, kò fi bébà kankan lé mi lọ́wọ́ pé kí n kà á fún òun.

Nígbà tí a délé ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí sẹ́yìn ilé. Kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó ní, "Mọ́ṣúùdù, kí ló dé tí o ò sọ pé o ò lè kà á? Èmi ì bá kọ́ ẹ."

Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé tíṣà kúrò ní Èkó. Àìsàn dá ẹ̀gbọ́n mi wólẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Nígbà tó fi máa dìde, agbára àtikọ́ Kẹ́mísìrì láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sí mọ́. Aṣọ ọmọdé ló ń tà ní Ìpọ̀nrí títí di òní. Kò tíì fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀nà jíjìn lọmọdé máa ń rìn kó tó rí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Lónìí, inú yàrá ni ọmọ mi obìnrin wà tí ó ti ń wò ó lórí fóònù. Ilé lòun náà ti ń kàwé. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ló ń kọ́ ọ. Èmi náà ti lówó tó, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo ní ní Ládìpọ̀, kò sì sí wáyà ọkọ̀ tí mi ò lè tú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ yìí bi mí pé, "Dádì, sáyẹ́ǹsì wo lẹ máa bá mi mú?" Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n. Ka ohun tí wọ́n béèrè sí mi létí. Bí o bá kà á tán, fi ránṣẹ́ sí àǹtí mi ní Ìpọ̀nrí, kí àwọn náà kà á." Ó wò mí bí ẹni pé kò gbọ́ mi dáadáa. Mo tún un sọ.

Ohun tó sọnù kò ṣòro kà. Ọdún méjì. Fọ́ọ̀mù kan. Nọ́ọ̀sì kan.