Òrùka Mẹ́ta Lábẹ́ Gàtó

Ẹ jẹ́ ká dìde dúró fún gbólóhùn kan. Ọba ní oríkì tirẹ̀, ìlú ní tirẹ̀. Ó yẹ kí gbólóhùn yìí náà ní tirẹ̀. Gbólóhùn tó ń sọ ìyẹ̀fun di iyì! Gbólóhùn tó mú kí ẹyin mẹ́fà àti ṣúgà díẹ̀ ga ju ìwé-ẹ̀rí yunifásítì lọ! A kì í pariwo rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni à ń sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́, lásìkò tí a bá ń ṣí ìdérí abọ́ lójú gbogbo èèyàn: “Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.” Mo ti rí olùkọ́ ìṣirò tó sọ ọ́ tí ojú rẹ̀ sì ń dán bí ojú ìyàwó tuntun. Mo ti rí igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé tó sọ ọ́ nípa ẹ̀pà sísun. Ẹ̀pà! Kí ni ọwọ́ rí ṣe níbẹ̀ ju kó máa rò ó kó má baà jóná?

Olùkọ́ ìtàn ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Parakou. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́, bí aago mẹ́wàá bá lù, a máa ń jẹun pọ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́. Ẹni tó bá kàn ni yóò gbé nǹkan wá láti ilé. Ẹnì kan a gbé wàgáṣì wá, wàrà líle àwọn Fúlàní, tó ti dín in pẹ̀lú ata. Ẹlòmíràn a gbé iṣu díndín. Olùkọ́ tó ń kọ́ni nípa ewéko àti ẹranko gbé àkàrà wá lọ́jọ́ kan, ó ní bẹ̀ńyẹ́ ni. Ó pe ọ̀rọ̀ Faransé náà bí ẹni pé ẹ̀wà ọ̀hún ti lo ọdún méjì ní Paris kó tó wọ inú epo. A jẹ ẹ́. Àkàrà ni.

Tèmi ni gàtó, ìyẹn kéèkì. Àbúrò ìyá mi kan ní Kétu ló kọ́ mi bí a ṣe ń yan án láìsí ẹ̀rọ kankan: ìkòkò irin ńlá, iyanrìn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, agolo gàtó lórí iyanrìn, ẹ̀yinná lábẹ́ ìkòkò, ẹ̀yinná díẹ̀ lórí ìdérí. Ẹni tó ń yan gàtó báyìí kò lè ṣe nǹkan mìíràn. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí i, á jóná. Bó bá ń ṣí i wò ṣáá, á rì. Mo máa ń jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn, lọ́jọ́ kejì màá wá ṣí ìdérí abọ́, màá sọ gbólóhùn ńlá, wọ́n á sì yìn mí. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn ìyìn náà ju gàtó lọ.

Akọ̀wé ilé-ìwé wa kì í ṣe olùkọ́. Òun ló ń tẹ ìdánwò wa, òun ló ń wá kọ̀pí, ìwé ìdánwò ọmọ, tó bá sọnù, òun ló ń ṣẹ́jú sí wa bí inú ọ̀gá kò bá dùn. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, yàrá kan ló sì ní ní àdúgbò Ladjifarani, nínú ilé tí gbogbo ayálégbé ti ń dáná lójú kan náà. Àwa méjèèjì nìkan là ń sọ Yorùbá ní ilé-ìwé náà. Faransé là ń bá àwọn yòókù sọ, àwọn náà a sì máa fi Bàrìbá tàbí Dẹ́ńdì sọ èyí tí wọn kò fẹ́ kí a gbọ́. Mo ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Ó ń pè mí ní ará Kétu.

Fún ọdún púpọ̀, inú ọ́fíìsì rẹ̀ ló ti ń jẹun, ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó ń gbọ́ ẹ̀rín wa. Kò sẹ́ni tó lé e. Kò sẹ́ni tó pè é náà. Lọ́jọ́ Jímọ́ kan, ó gbé gàtó wá nínú abọ́ funfun onídérí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọwọ́ ara òun ni òun fi ṣe é. Wọ́n fún un ní àga. Láti ọjọ́ náà, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé di tirẹ̀. Bí ẹ bá rí bó ṣe jókòó, tó to ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, tó ń dáhùn ọ̀rọ̀ olùkọ́ ìṣirò bí ẹni tó ti ń dáhùn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ ó mọ iye tí àga náà jẹ́ lójú rẹ̀.

Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin kan wà ní àdúgbò Titirou tó ń yan gàtó tà nínú agolo tòmátì ńlá. Ìdí agolo náà ní òrùka mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì, wọ́n sì máa ń hàn lábẹ́ gàtó rẹ̀. Mo mọ̀ torí pé mo ti ra ọ̀kan rí fún ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin mi. Nígbà tó tún kan Ẹ̀gbọ́n, mo gbé ègé tèmi, mo yí i padà, mo sì rí òrùka mẹ́ta náà. Ẹni tó gbọ́n á jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n yunifásítì ti kọ́ mi pé kò sí irọ́ tí kò yẹ kí a tú, pàápàá bí èèyàn mẹ́jọ bá ń gbọ́.

“Madámù,” mo ní, mo sì fi Faransé sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́, “ṣé ọwọ́ yín ti kó lọ sí Titirou ni? Torí ibẹ̀ ni mo ti rí i kẹ́yìn, nínú agolo tòmátì.”

Mo gbé ègé náà sókè, mo fi ìdí rẹ̀ hàn wọ́n, mo ṣàlàyé. Olùkọ́ ìṣirò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Igbákejì ọ̀gá ní láti ìsinsìnyí lọ, kí a máa yẹ ìdí ohun gbogbo wò. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá èérún jọ lórí tábìlì, ó dà á sínú abọ́ rẹ̀, ó wá fi Yorùbá sọ fún èmi nìkan pé, “Ẹnu yín mú o, ará Kétu.”

Ẹnu yín. Títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, “ìwọ” ló ń pè mí.

Ní ọjọ́ Jímọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Ní èyí tó tún tẹ̀ lé e, inú ń run ún. Lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó bi í mọ́, àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sì di ibi tí à ń kó kọ̀pí sí. Mo sọ fún ara mi pé òótọ́ ni òótọ́ ń jẹ́. Ẹni tó bá kàwé díẹ̀ kì í pẹ́ rí orúkọ tó dáa fún ìwà ìkà.

Nígbà tó yá, ìyá mi dé láti Kétu. Orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kutọnu, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, nítorí náà èmi ni mò ń gbé ìyá dìde láàárọ̀, tí mò ń wẹ̀ fún un, tí mò ń se ẹ̀kọ rẹ̀, kí n tó sáré láti ilé wa ní Banikanni lọ bá àwọn ọmọ tó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọba àtijọ́ fi ń jagun. N kò mọ̀ mọ́. Bóyá wọn kò rí oorun sùn ni. Bí mo bá padà dé, kọ̀pí ń dúró dè mí, ìyá ń dúró dè mí, aṣọ tí a rẹ sómi ń dúró dè mí.

Inú rẹ̀ la wà tí ọjọ́ Jímọ́ tún fi kàn mí. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo gbé ìkòkò irin kalẹ̀. Mo da iyanrìn sí i. Mo kó ẹyin mẹ́fà sínú àwo, mo jókòó sórí àpótí ìdáná, mo wo àwọn ẹyin náà, àwọn ẹyin náà sì ń wò mí. A wo ara wa títí. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo dìde, mo mú abọ́ onídérí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo pe ọlọ́kadà kan, zẹ́mì bí a ṣe ń pè wọ́n, mo ní kó gbé mi lọ sí Titirou.

Obìnrin oní-gàtó wo abọ́ ọwọ́ mi, kò tiẹ̀ na ọwọ́ sí ọ̀rá.

“Àwọn tó mú abọ́ wá kì í gba ọ̀rá,” ó ní. “Inú abọ́ náà ni kí n gbé e sí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kí ẹ tó ha ìdí rẹ̀. Bó bá ṣì gbóná, á fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.”

“Ta ló ní mo fẹ́ ha nǹkan?”

“Ẹ má bínú, Madámù. Gbogbo àwọn tó ń lọ sí ọ́fíìsì ló ń ha á.” Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. “Ẹ ti sọ ibi tí ẹ ti ń kọ́ni fún mi rí. Màmá kan wà níbẹ̀, ọmọ Ṣábẹ̀. Kì í wá mọ́. Ṣé ara rẹ̀ le?”

Mo ní ara rẹ̀ le.

Nígbà tí mo délé, mo dojú gàtó náà dé orí àwo, mo mú ọ̀bẹ kékeré, mo ń ha òrùka mẹ́ta náà díẹ̀díẹ̀. Mo fi sùúrù ṣe é. Bí mo bá fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ po ìyẹ̀fun, èmi ìbá ti yan méjì. Ìyá mi ń wò mí láti orí ẹní.

“Kí lò ń ha níbẹ̀?”

“Ó jóná díẹ̀ ni, Ìyá.”

“Gàtó tí o kò yan ló jóná?”

Mo ń ha á lọ. Ó yí ojú sí ògiri, ó ní kí n fún òun ní ègé kan bí mo bá ha irọ́ náà tán.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí ìdérí abọ́ lójú gbogbo wọn. Gbólóhùn náà jáde lẹ́nu mi kí n tó pè é, jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n yìn mí. Olùkọ́ oní-bẹ̀ńyẹ́ ní tọ̀tẹ̀ yìí ló dùn jù nínú gbogbo gàtó tí mo ti gbé wá, mo sì rí i pé ó tún dùn mí, láàárín irọ́ mi, pé ti obìnrin Titirou dára ju tèmi lọ.

Ẹ̀gbọ́n wọlé pẹ̀lú ìwé tí igbákejì ọ̀gá fẹ́ fi ọwọ́ sí. Igbákejì ọ̀gá, tó ti jẹ ègé méjì, gé ẹ̀kẹta fún un.

“Madámù, ẹ tọ́ ọ wò,” ó ní. “Kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọwọ́ ara ẹni. Kò sí Titirou nínú èyí o!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n gba gàtó náà ní ìdúró. Ó bù ú jẹ, ó jẹ ẹ́ pẹ́. Ó wá yí i padà, ó fi àtàǹpàkò tọ ibi tí ọ̀bẹ mi ti gbà kọjá. Ó wò mí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kó sọ, kí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé padà di tirẹ̀, kí tèmi sì di ibi ìkó-kọ̀pí-sí.

“Òótọ́ ni, ọ̀gá,” ó ní ní Faransé. “Ọwọ́ ara ẹni ni.”

Ó gba ìwé rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi Yorùbá sọ pé, “Ẹ kú ìha, ará Kétu.”

Ó padà sí ọ́fíìsì rẹ̀. A gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan. Igbákejì ọ̀gá ṣì ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Mo gbé gàtó tó wà lẹ́nu mi mì. Ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí dé ibi tí èèyàn kò ti ní agbára láti tún gbé irọ́ kan lé orí ẹrù tó wà nílẹ̀.

Mo dìde. Mo kó kọ̀pí kúrò lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo kó o sílẹ̀. Mo gbé abọ́ gàtó, mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, mo gbé e sórí tábìlì Ẹ̀gbọ́n. Mo yí èyí tó kù padà, kí ibi tí mo ha wà lókè.

“Kí lo fẹ́ kí n fi ṣe?” ó bi mí.

Mo fi ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Faransé ni mo fi sọ ọ́, kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo ní Titirou ni mo ti rà á. Mo ní mo fi ọ̀bẹ ha ìdí rẹ̀. Mo ní ọwọ́ ara mi kọ́. Ohun tí mo fi Ẹ̀gbọ́n ṣe ẹ̀sín fún, èmi náà ṣe é.