Àjà Tí À Ń Dùbúlẹ̀ Wò

Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó mi lóbìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdúró wo àjà pálọ̀ òkè ilé wọn ní Màkún. Bàbá wọn, oníṣòwò obì, ló ní kí wọ́n fi pákó ṣe é. Wọ́n gbẹ́ ewé obì yí etí rẹ̀ ká, ẹyẹ ọ̀kín sì na ìyẹ́ ní àárín.

Lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ ìyàwó, mo dọ̀bálẹ̀. Màmá ní, “Ó tó. Fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí o wòkè.” Mo yí padà. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ àbúrò Màmá mú oníṣẹ́ wá láti tú àjà náà, kí wọ́n fi pí-ó-pí, àjà funfun ìgbàlódé, rọ́pò rẹ̀.

Màmá ní, “Ẹ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ wò ó ná.”

“Pẹ̀lú aṣọ funfun yìí, Màmá?”

“Àna yín dùbúlẹ̀ kó tó rí ìyàwó mú lọ, ẹ̀yin ń ṣàánú aṣọ!”

Mo dùbúlẹ̀. Wọ́n tẹ̀lé mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Há! Ẹyẹ yìí ń wò mí!”

“Irọ́ ni, èmi ló ń wò.”

Oníṣẹ́ náà ti nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. “Ẹ má bínú o, èmi ni.”

Kò sẹ́ni tó dárúkọ pí-ó-pí mọ́.

Lónìí, Màmá ti lọ sinmi lọ́run, ìyàwó mi náà ti lọ. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi ní pálọ̀ yẹn ni kí a ti gba àwọn àna. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, gbogbo ilé ń wo ẹnu mi.

Mo ní, “Ó tó. Fi ẹ̀yìn lélẹ̀.”

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, bí ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́.