Fọ́tò Tí Wọ́n Ń Wá fún Ìsìnkú Ìyàwó Mi

Àdùkẹ́ ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, apọ́nbéporẹ́, ọmọ olókè gbágungbàgun l'Ékìtì, ọmọ agúnyán-dúró-dàlejò, abiyamọ àtàtà, ìyàwó mi. Èyí nìkan ni orúkọ tí n ó kọ síbí. Àwọn tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ orúkọ wọn, mo mọ ti baba wọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní fọ́tò ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kí ló fẹ́ fi orúkọ ṣe nínú ìwé?

Àbíkẹ́yìn wa ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò nílé ìwé kan l'Ọ́gbà. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń tẹ kámẹ́rà ni wọ́n ń kọ́ wọn. Rárá o. Ìdí tí ọmọ aráyé fi ń ya fọ́tò ni. Wọ́n ń kọ́ ọ láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n tún ń ṣèdánwò lé e. Ní tèmi, ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó wọ iléeṣẹ́ aláṣọ n'Íkẹjà, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìdí tí ènìyàn fi ń jẹun.

Olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé ojú ènìyàn máa ń purọ́ bó bá ti rí kámẹ́rà. Pé lára ọwọ́, ẹ̀yìn àti òjìji ni òótọ́ wà. Ni ọmọ bá dojú kọ ìyá rẹ̀. Ó ya gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó ya ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó ti ń fọ abọ́. Ó ya òjìji rẹ̀ lára ògiri, tòun ti ìgbálẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá rẹ̀ wí, "ṣé orí mi ò wọnú ẹ̀rọ yẹn ni?"

"Màámi, ẹ má wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí."

"Ìyẹn ò le. Bí abọ́ bá ti wà nílẹ̀, o kì í sí níbí."

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sàn jù ú lọ. Àkọ́bí wa tó ń gbé Onígbòǹgbò kò lè jẹ ìrẹsì láìkọ́kọ́ yà á. Bí wọ́n bá pé sílé wa lọ́jọ́ Àìkú, wọn a tò, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Màámi, ẹ bá wa tẹ ibẹ̀." Màámi a bá wọn tẹ ibẹ̀. Nígbà tó wá kú, tí wọ́n ń tú fóònù wọn kiri, àwọn ọmọ ni a rí, ìrẹsì ni a rí. Ti ìyá wọn ni àtàǹpàkò tó bo igun kan.

Ṣọ́ọ̀ṣì ní kí a mú fọ́tò wá fún bánà tí wọn yóò gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà, èyí tó yà ní sítúdíò kan l'Ágége kí a tó ṣègbéyàwó. Ó jókòó gbọnrangandan, ọwọ́ lórí orúnkún, etí méjèèjì hàn, ó ń wo ènìyàn bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Mo gbé e jáde.

Àbúrò mi obìnrin figbe ta. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí o? Ìyá arúgbó ló kú, ẹ fẹ́ gbé ojú ọmọge sẹ́nu ọ̀nà? Àwọn èèyàn á ní ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá! Òkú àgbà la ń sin, ayọ̀ ni."

Ayọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń tẹ̀lé mi kiri láti ọjọ́ tó ti kú. Ẹni tó bá wá kí mi a ní kí n máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Àkọ́bí mú káàdì ìdìbò ìyá rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ó gbé e lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe pósítà l'Ágége. Ọ̀gbẹ́ni gé orí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara obìnrin mìíràn, ó sì gbé e wá fún mi fúnra rẹ̀: obìnrin sìgbọnlẹ̀, léèsì, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, àyà bí ìrọ̀rí.

"Ta nìyí?"

"Ìyàwó yín ni, sà."

"Èmi ò mọ̀ ọ́n rí. Bí mo bá sin ín tán, kí ni kí n wá sọ fún ọkọ rẹ̀?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́yìn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀, kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀, ó ń wá ojú láàárín gìgísẹ̀.

"Bàbá, olùkọ́ wa ní à ń ya fọ́tò torí ẹ̀rù ń bà wá pé a máa gbàgbé."

"Ẹ kú ẹ̀rù. Ẹ ya gbogbo ayé, ẹ gbàgbé ìyá yín."

Àbíkẹ́yìn dìde, ó gba fọ́tò sítúdíò náà lọ́wọ́ mi, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku rẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Èyí la máa lò," ló wí.

"Dákẹ́," ni àbúrò mi wí. "Ọmọdé ò mọ̀ ọ́n. Òkú ayọ̀ ni."

"Ẹ wo Bàbá, Àǹtí. Ṣé ẹ rí ayọ̀ lójú wọn?"

Àkọ́bí wò mí, ó gba fọ́tò náà, ó gbé e lọ bá ọ̀gbẹ́ni oníkọ̀ǹpútà.

Bánà ọmọge la gbé kọ́. Àwọn tó ń lọ ra ẹran l'Óko Ọba dúró wò ó, obìnrin kan káwọ́ lérí: "Yéè! Ọmọ kékeré báyìí! Kí ló pa á?" Ẹkún sọ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó dénú ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ti àbúrò mi, ó ń sáré kiri, ó ń ṣàlàyé ọjọ́ orí fún àwọn tí kò bi í. Èmi fa àga mi sún mọ́ àwọn tó ń sunkún, mo bá wọn sun ún.

A sin ín lọ́jọ́ Jimọ̀, lẹ́yìn òjò.