Ọ̀sẹ̀ Méje Tí Mo Pè Ní Ọjọ́ Márùn-ún

Èébú ni mò ń bú lọ́wọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ò dára lára mi. Awakọ̀ kan ló wá páàkì mọ́tò rẹ̀ síwájú àpò èédú mi ní Challenge, n'Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń tajà láti bí ogún ọdún. Mo ní kó gbé e kúrò, ó ní ṣé bàbá mi ló ni títì. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé oúnjẹ ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí fìlà rẹ̀, mo ń bọ̀ nísàlẹ̀, mo ti dé ìdí ṣòkòtò, ó ku ibi tó dùn jù, ni èémí bá tán. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán o. Èémí ló tán. Mo la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja, ikọ́ sì gbà á. Nígbà tí n ó fi gbórí sókè, ọkùnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Eléédú, ẹ lọ mumi, kẹ́ ẹ padà wá parí ẹ̀."

Gbogbo ìsọ̀ ló rẹ́rìn-ín, èmi náà rín in, torí ó dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó, àyà mi ń lù kìkì bíi pé mo ti Challenge sáré dé Ring Road.

Ikọ́ kì í ṣe nǹkan tuntun fún eléédú. Eruku dúdú là ń mí sínú, òun náà là ń tu síta. Tí itọ́ mi bá dúdú, mo mọ̀ pé ọjà tà lánàá. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Ikọ́ tèmi yìí kì í lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí n kò fọwọ́ kan èédú. Nírọ̀lẹ́, ara mi á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí mo bá sùn, òógùn á rin aṣọ mi bíi pé wọ́n fi mí sínú odò. Oúnjẹ ò wù mí mọ́. Ìró tí kì í fẹ́ẹ́ ká mi wá ń yí mi po lẹ́ẹ̀mejì, àwọn oníbàárà sì ń kí mi kú oríire: "Ìyá Eléédú, ẹ ti fà yọ o, kí lẹ̀ ń lò?" Mo ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ni. Oògùn ikọ́ olómi dídùn ni mò ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, tí mò ń mu bí ọmọdé ṣe ń lá ṣúgà.

Lọ́jọ́ kan, mo rí okùn pupa tín-ín-rín láàrin itọ́ dúdú náà. Mo fi bàtà nù ún mọ́lẹ̀, mo wò yíká. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, torí ó lè jẹ́ ẹ̀yin náà lẹ̀ ń wò yíká lónìí: n kò wá ẹni tó máa ràn mí lọ́wọ́. Mò ń wò ó bóyá ẹnì kan rí i ni, torí ọjà mi. Mo lọ sílé, mo pọn Ramọ́tù, ọmọ ọmọ mi. Sìdíkátù ọmọ mi ló bí i, ilé mi ni wọ́n ń gbé, ẹ̀yìn mi ni ọmọ náà sì ń wà títí ìyá rẹ̀ á fi dáná tán ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Abúlé kan lẹ́yìn Ìbàdàn ni mo ti ń ra èédú. Wọ́n ní ilé ìwòsàn kékeré kan níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà wá, àwọn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Wọ́n á gbé inú abúlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú èèyàn níbi tí kò sí ẹ̀rọ ńlá. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tí mo bá rí wọn lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń yà fún ewúrẹ́. Mo ní, "Ẹ wò ó, ẹni tó ń bẹ̀rù ewúrẹ́ ló fẹ́ gún wa lábẹ́rẹ́."

Ọjọ́ tí mo ń wí yìí, mo tẹ̀ba láti yẹ èédú wò nínú àpò, ilẹ̀ sì yí mọ́ mi lójú. Bàbá Àkàndé tó ń sun èédú fún mi ló gbé mi sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn. Ẹni tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ọmọbìnrin gíga kan tó ń jẹ́ Dámilọ́lá, tí eruku ilẹ̀ pupa ti kun etí aṣọ funfun rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ kú ìnira, Màmá. Ikọ́ yìí, ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

Mo ní, "Ọjọ́ márùn-ún."

Ẹni tó bá ti nájà rí á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Iye tí a bá kọ́kọ́ pè kọ́ ni iye tó wà nínú ẹ̀. Tí oníbàárà bá bi mí pé ìgbà wo ni èédú yìí dé, àná ló dé, bó tilẹ̀ ti lo oṣù kan lọ́dọ̀ mi. Òun náà mọ̀. Á fi kún un lọ́kàn ara rẹ̀, a ó sì pàdé láàrin. Mo rò pé ọmọ yìí á ná an. Kò ná nǹkan kan. Ó kọ ọjọ́ márùn-ún sílẹ̀ bí ẹní ń da Kùránì kọ.

Ó tún gbé e gba ọ̀nà mìíràn. "Ṣé ẹ ti ń húkọ́ nígbà ààwẹ̀, mà?"

"Ta ló ń rántí ikọ́ nínú ebi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ rí i nínú itọ́ yín?"

"Rárá o. Olúwa má jẹ̀ẹ́."

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wọn wọlé, dókítà àgbà tó ń kọ́ wọn, àwọn ọmọ yòókù sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ nìyí: ẹni tó bá gbọ́ ẹnu aláìsàn á dúró tì í, á ro gbogbo rẹ̀ láìwo ìwé, ọ̀gá á sì máa tú u wò. Dámilọ́lá ro tèmi. Ọ̀gá náà wo egungun ọrùn mi, ó wo ìró mi. Ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀, mo rò pé ó fẹ́ kí n gbọ́ ni.

"Ọjọ́ márùn-ún ló gbẹ́ gbogbo èyí? Ṣé o béèrè dáadáa?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wolẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó lè sọ bẹ́ẹ̀ kó gba ara rẹ̀ là. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n tún béèrè."

Ó yíjú sí mi. "Màmá, ta lẹ jọ ń gbé?"

"Ọmọ mi, àti ọmọ rẹ̀."

"Ọmọ náà ti tó mélòó?"

"Oṣù mẹ́sàn-án."

"Ta ló ń pọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni."

"Ṣé òun náà ń húkọ́?"

Ramọ́tù ti ń húkọ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ìyá rẹ̀ ní eyín ló fẹ́ hù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo wá gbọ́ ikọ́ náà, ikọ́ pínníṣín, ní àárín ẹ̀yìn mi gan-an.

Mo ní, "Pa ọjọ́ márùn-ún yẹn rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje ni. Ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀."

Wọ́n fún mi ní ike kékeré olómọrí. Dámilọ́lá kọ́ mi bí n ó ṣe mí kanlẹ̀ kí n tó húkọ́, torí ohun tó wà nínú àyà ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe itọ́ ẹnu. Ohun tí àyẹ̀wò náà fi hàn ni ikọ́ ife, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní tíbì. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí: kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ló ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn ibi tí a fi ń mí. Tí ẹni tó ní in bá húkọ́, ó ń bá afẹ́fẹ́ jáde, ẹni tí wọ́n jọ wà nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì á sì fà á símú. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe àfiṣe. Ṣíbí àti abọ́ kọ́ ló ń kó o ranni. Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ló kàn. Èédú mi kò jẹ̀bi, bí mo ṣe rojọ́ mọ́ ọn tó.

A gbé Ramọ́tù lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní ìgboro. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ la fi jókòó. Èmi wà ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ìbòmú bò mí dé ojú. Sìdíkátù wà ní ìpẹ̀kun kejì, ó gbé ọmọ kọ́ àyà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá mi sọ lọ́jọ́ náà.

"Mọ́mì, ọ̀sẹ̀ méje?"



Wọ́n ya àwòrán àyà ọmọ náà, wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò. Kòkòrò náà kò tíì mú un. Ikọ́ rẹ̀, ikọ́ ọ̀fìnkìn lásán ni. Ṣùgbọ́n torí pé ẹ̀yìn mi ló ń gbé, wọ́n fún un ní oògùn tí a fi ń dènà rẹ̀. Sìdíkátù sunkún nígbà tó gbọ́. Èmi lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, mo bomi sójú.

Oṣù mẹ́fà ni tèmi, oògùn lójoojúmọ́. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí Challenge ni mo ti ń gbà á, ọ̀fẹ́ ni, nọ́ọ̀sì á sì dúró wò mí títí n ó fi gbé e mì. Ìtọ̀ mi pọ́n bí epo, mo figbe ta. Wọ́n ní oògùn náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èébì ń gbé mi. Orúnkún ń ro mí. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé tábìlì rẹ̀ sún jìnnà sí mi, n kò bá a jà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tó di oṣù kẹta, ikọ́ ti lọ, oúnjẹ ń wọlé, mo wá bẹ̀rẹ̀ ìwà mi.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé oṣù mẹ́rin ò tó?"

"Oṣù mẹ́fà, Màmá."

"Márùn-ún ńkọ́?"

"Ẹ la ẹnu."

Ẹni tó bá dá oògùn yìí dúró láàrin ń fún kòkòrò náà lágbára ni. Ẹ má ná an.

Nígbà tí mo padà sí abúlé fún ọjà, ọ̀gá dókítà ní kí n jọ̀ọ́ wá jókòó fún àwọn ọmọ tuntun. Mo gbà. Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tútù tí wọ́n fi ń gbọ́ èémí lé ẹ̀yìn mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ pa á kó gbóná, pé ẹ̀yìn èèyàn ni, kì í ṣe fíríìjì. Mo tún sọ fún wọn pé, "Ẹ má fara mọ́ iye ọjọ́ tí oníṣòwò bá pè. Ẹ béèrè ohun tí kò lè ṣe mọ́. Ẹ béèrè ẹni tó ń sùn tì í." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi tí n kò ka ìwé kọjá pámárì! Dámilọ́lá ti parí ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, ó ti lọ. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, torí lọ́jọ́ yẹn, ìtìjú ló gba ẹnu mi. Ọlọ́run á bá mi dúpẹ́.

Ara mi ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ọ̀nà tó mọ̀ ló gbà: èémí, òógùn, ìró. Èmi ni mò ń dín in kù. Mò ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí, mo sì ń gbà á gbọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá sọ ọ́.

Sìdíkátù kò jẹ́ kí n pọn ọmọ ní gbogbo oṣù mẹ́fà náà, kódà lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé n kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. N kò bẹ̀ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo gbé oògùn tó kẹ́yìn mì, mò ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, ó wá dúró tì mí.

"Mọ́mì, ẹ tẹ̀ba díẹ̀."

Ó gbé Ramọ́tù lé mi lẹ́yìn, ó so ọ̀já fúnra rẹ̀, ó fà á le, ó sì wọlé lọ. Ọmọ náà ti wúwo. Kò pẹ́ tó fi sùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi. Abọ́ ṣì kù nílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ jí i. Mo dúró síbẹ̀, mò ń mí.