Fèrèsé Tí Mo Dí ní Sharpstown

Ẹ má pè mí ní onírọ́ o. Ojú mi yìí ló rí i. Ọ̀sán gangan ni, mi ò mutí, mi ò sì sùn.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí owó epo já wálẹ̀ ní Houston, tí ilé di pọ́ọ́kú? Ìgbà yẹn ni Kúnlé ọ̀rẹ́ mi ra ilé kan ní àdúgbò Sharpstown níbẹ̀. Ilé náà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, ohun tí èèyàn kì í sábà rí níbí. Ibẹ̀ ló fẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa sùn tí wọ́n bá ti Ìbàdàn dé ní Sátidé.

Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù onígíláàsì tí wọ́n tò pọ̀ bí ògiri, pẹ̀lú ihò atẹ́gùn kékeré láàárín. Ihò yẹn ń jò. Kúnlé ní kí n bá òun pààrọ̀ férémù ihò náà, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Òjò ò rọ̀, koríko ti gbẹ, síbẹ̀ ara ògiri níta tutù rinrin. Ó yẹ kí n ti fura.

Mo wọnú yàrá náà, mo yọ férémù àtijọ́. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn.

"Kúnlé, gbé súkúrúdiráfà yẹn wá."

Wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ náà tutù bí ẹja inú fìríìsà. "O ṣé," ni mo wí.

Ni Kúnlé bá yọjú láti ìta, lójú ihò. "Ìwọ àti ta lẹ jọ ń sọ̀rọ̀?"

Ẹ gbà mí gbọ́, ara mi bù máṣọ. Mo wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Nǹkan kan fún mi lọ́rùn, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Má dí i." Ẹ má bi mí èdè tó sọ. Ó ṣáà yé mi.

Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi. Mo rò pé ihò yẹn ló ń gbà wọlé. Mi ò fi tuntun síbẹ̀ mọ́, odindi búlọ́ọ̀kù ni mo fi dí i, mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, mo sáré jáde.

A dúró níta. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gíláàsì náà láti inú. Gbà! Gbà!

"Ooru ló ń ṣe gíláàsì jàre," ni Kúnlé wí. "Engineer ni mí."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má fi Mama síbẹ̀. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ Sunday, Mama pè mí lórí fóònù láti yàrá yẹn, wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, ìwọ lo tún ibí yìí ṣe? Ta lẹ tì mọ́lé pẹ̀lú mi?"

Fóònù já. Títí dòní, Kúnlé ò sọ ohun tó bá níbẹ̀ fún mi.

Tí nǹkan bá ń jò nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó dí i, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń wọlé ni, àbí ó ń jáde.