Ràútà Ilé Màmá Tó Máa Ń Kú Lọ́sàn-án

Ẹ lè pè mí ní onírọ́ tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, mi ò ní bínú. Bí ẹlòmíràn bá ti sọ ọ́ fún mi kó tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹ̀rín ni mo máa fi rín. Ṣùgbọ́n ojú mi yìí ló rí i, etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, mi ò sùn, mi ò sì mu ọtí.

Iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe, láti Lẹ́kí títí dé Ajah àti Sangotẹ́dó. Bí Wáì-fáì ilé yín bá ń ṣe ségesège, irú èmi lẹ máa pè. Mo ń fa wáyà, mo ń gun òrùlé, mo sì ń tún ràútà ṣe, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré oníná wínníwínní tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé.

Èmi nìkan ni mò ń gbé. Ìyàwó mi àti ọmọ wa ti ṣáájú lọ sí ìlú òyìnbó, ìwé tèmi ni a ṣì ń retí. Yàrá kan ṣoṣo ni mo gbà lẹ́yìn Ajah. Tí mo bá wọ ilé oníbàárà, tí mo gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń jà sí rìmóòtù, tí ẹnìkan ń din nǹkan ní ilé ìdáná, mo máa ń fẹ́ kí iṣẹ́ náà pẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ti dá gbé rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọkùnrin kan ló pè mí láti Kánádà. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ọ̀gá Káyọ̀dé, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìyá rẹ̀ ló ni ilé kan nínú ẹ̀sìtéètì tí kò jìnnà sí Thomas Estate. Màmá ti kú, ilé ti wà ní títì, kò sẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́ àyàfi Bàbá Ràfíù, ọlọ́dẹ tó ń gbé inú yàrá kékeré ẹnu géètì. Ọ̀gá Káyọ̀dé fi kámẹ́rà kan sí pálọ̀, ó sì ń san owó íńtánẹ́ẹ̀tì lọ kó lè máa wo ilé náà láti ọ̀hún.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ràútà máa ń kú lójoojúmọ́. Ní kété tí wọ́n bá ti kírun Àìlà tán, á lọ. Bó bá ku díẹ̀ kí wọ́n kírun Alaásárì, á tún jí fúnra rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, kámẹ́rà á fọ́jú, kò ní rí nǹkan kan. Iná kì í lọ nínú ilé náà, nítorí wọ́n ní sólà. Ẹ̀rù wá ń ba Ọ̀gá Káyọ̀dé pé olè kan ló ti rí ọ̀nà wọ inú ràútà, tó ń pa á kó lè ráyè wọlé. Ó ní kí n lọ ní ọ̀sán, kí n fojú ara mi rí i.

Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Ràútà tí a kò tọ́jú dà bí ilé tí a tì tí a wá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo débẹ̀, Bàbá Ràfíù ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ṣùgbọ́n kò bá mi wọlé. Ó ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá. Mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, mo wọ pálọ̀. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo gbogbo àga. Fọ́tò Màmá wà lára ògiri, obìnrin rọ̀gbọ̀dọ̀ kan tó fi gèlè aró wé orí. Ràútà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fi wáyà so mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ó ń tan iná wínníwínní bó ṣe yẹ.

Mo so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ ọn, mo sì yẹ inú rẹ̀ wò. Páásíwọ̀ọ̀dù tí wọ́n fi ṣe é láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹni tó wà níta fi lè wọlé wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Fámúwíà, ìyẹn ètò inú ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un, kò tíì yí padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ṣùgbọ́n mi ò rí ipa olè kankan, mi ò sì rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún un pé kó máa kú lọ́sàn-án.

Mo ní ó ti yé mi. Fámúwíà tó bá ti gbó máa ń mú kí ẹ̀rọ ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tuntun sínú rẹ̀.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wa. Bí fámúwíà tuntun bá ń wọlé, iná kò gbọdọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ náà. Bó bá kúrò láàárín méjì, ẹ̀rọ náà lè má jí mọ́. Nítorí náà, ẹ máa jókòó tì í ni, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án.

Mo jókòó tì í. Mo gbọ́ ohùn ìrun láti mọ́sáláṣí tó wà lẹ́yìn ẹ̀sìtéètì. Ó parí. Gbogbo àdúgbò dákẹ́, àwọn onílé ti lọ síbi iṣẹ́.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ sílípáàsì.

Láti kọ́rídọ̀ ni, ṣàà, ṣàà, ìrìn ẹni tí orúnkún ń dùn. Mo rò pé Bàbá Ràfíù ló gba ẹ̀yìn wọlé. Mo pè é, kò dáhùn. Òórùn ìpara gbígbóná tí àwọn àgbà fi ń ra oríkèé ara wá kún pálọ̀ náà. Sílípáàsì kọjá lẹ́yìn mi. Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ ìgbà tó kọjá, nítorí gbogbo irun ẹ̀yìn ọrùn mi ló dìde.

Súìṣì ara ògiri wà níwájú mi níbẹ̀. Mo ń wò ó. Ó rọra lọ sílẹ̀, bí ìgbà tí ìka tí kò lágbára mọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Ó dún kẹ́. Gbogbo iná ara ràútà kú.

Ohùn obìnrin kan wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ létí mi pé, "Ó ti gbóná jù. Jẹ́ kó sinmi."

Mi ò pète láti dáhùn. Ẹ̀kọ́ ilé ló dáhùn fún mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà."

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ mi tó rántí pé ó yẹ kí òun sá.

Bàbá Ràfíù wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó wò mí, ó sún kí n jókòó. Nígbà tí èémí mi ti balẹ̀, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní bí Màmá ṣe máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀ nìyẹn. Màmá gbà pé ohunkóhun tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ sinmi, yálà ènìyàn ni tàbí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn Àìlà á pa ràútà, á lọ nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí Alaásárì tó pé á dìde tàn án, nítorí ìgbà náà ni Káyọ̀dé máa ń pè é kó tó lọ síbi iṣẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnì kankan. Ó ní, "Ẹnjiníà, ta ni kí n sọ ọ́ fún?"

Èmi náà ò sọ ọ́ fún Ọ̀gá Káyọ̀dé. Mo ní iná ló ṣẹ́jú. Àmọ́ Alaásárì dé, ràútà ò jí lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ mi ló sì wà lọ́rùn mi. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ láàárọ̀ kùtù. Mo fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí a fi ń dá ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iná rẹ̀ fi ṣẹ́jú, mo sì fi wáyà gbé fámúwíà náà wọlé látìbẹ̀rẹ̀. Ó jí. Mo yí páásíwọ̀ọ̀dù padà, mo ti gbogbo ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Mo wá fi bátìrì kékeré kan sáàárín òun àti ògiri, kó lè jẹ́ pé bí súìṣì tilẹ̀ lọ sílẹ̀, kò ní kú.

Mo kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó kanrí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ràútà ò kú. Ọ̀gá Káyọ̀dé dúpẹ́ títí.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ló tún pè. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ wọn, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ará ilé. Ó bi mí bóyá mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé náà ni. Mo ní rárá.

Ó ní látìgbà tí mo ti tún ràútà ṣe ni òun ti ń rí ohun tí òun kò rí tẹ́lẹ̀, nítorí tẹ́lẹ̀, bí ràútà bá ti kú, kámẹ́rà náà kú nìyẹn. Lẹ́yìn Àìlà, kọ́tìnì ẹnu kọ́rídọ̀ á gbéra. Aṣọ orí àga á tẹ̀, ti èkejì á tẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń di àga mú rìn. Súìṣì ara ògiri á lọ sílẹ̀. Iná ràútà ò ní kú. Súìṣì á gòkè, á tún lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo gbọ́ tó ń fa imú.

"Màmá mi ò tíì sùn láti ọjọ́ yẹn," ló wí. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà sí bó ṣe wà."

Mo fẹ́ kọ̀. Mi ò mọ ohun tó jẹ́ kí n gbà. Bóyá nítorí pé mo mọ bó ṣe máa ń rí kí ènìyàn jìnnà sí ẹni rẹ̀, kó máa fi ojú fóònù wò ó.

Bàbá Ràfíù gbà láti jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń fa tẹ̀súbáà rẹ̀, ó sì ní kí n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo wọlé. Wọ́n ti kírun tán. Mo yọ bátìrì kúrò, mo ki wáyà ràútà bọ ògiri bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ mi ò tíì kúrò lára rẹ̀ tí súìṣì fi lọ sílẹ̀.

Iná kú. Mo gbọ́ sílípáàsì tó ń lọ jẹ́jẹ́ sí yàrá. Bẹ́ẹ̀dì dún. Ẹnìkan mí kanlẹ̀, irú èyí tí ẹni tó rẹ̀ máa ń mí.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti gbé àpò mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà mí ti fò lọ. Ilé náà dákẹ́, àmọ́ kò rí bí ìdákẹ́jẹ́ yàrá tèmi. Ó dà bí ilé tí àgbà ń sùn nínú rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mò ń ká wáyà díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti parí.

Ohùn náà wá láti yàrá, kò ju atẹ́gùn lọ.

"Ṣé o ti jẹun?"

Mi ò lè ṣàlàyé fún yín. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà tí ìyàwó mi ti wọ bàálù. Mo sọ òtítọ́.

"Rárá, Mà," mo ní. "Mi ò tíì jẹun."

Bẹ́ẹ̀dì tún dún. Sílípáàsì bọ́ sílẹ̀. Kò wá sọ́dọ̀ mi, ilé ìdáná ló forí lé. Wọ́n ti kó gbogbo nǹkan kúrò nínú ilé ìdáná yẹn, mo ti rí i, ilẹ̀ òfìfo ni. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí wọ́n gbé àwo ka orí àwo.

Bàbá Ràfíù ló wọlé wá dì mí lápá mú, ó fà mí jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá Káyọ̀dé. Nígbà tí mo dé ibi ìbéèrè Màmá, ó ní kí n dúró ná.

"Kí lẹ fi dá wọn lóhùn?"

Mo ní mo sọ pé mi ò tíì jẹun.

"Ẹ̀ bá ti ní ẹ ti jẹun," ló wí. "Màmá mi ò lè sùn tí ẹnìkan bá wà nínú ilé tí kò jẹun."

Ràútà náà jí ní Alaásárì ọjọ́ náà, kò sì kú lọ́sàn-án mọ́ láti ìgbà náà. Mo gbọ́ pé tọ̀sán-tòru ló ń tan iná rẹ̀. Kámẹ́rà ò rí ilé ìdáná, pálọ̀ nìkan ló ń rí. Bàbá Ràfíù ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìhà Ìbẹ́jú, lọ́nà èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ó ní ohùn àwo ni òun ò lè fara dà. Ọ̀gá Káyọ̀dé kì í gbé ìpè mi mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa wálé, mi ò sì mọ ohun tó máa bá níbẹ̀.

Ẹ yí páásíwọ̀ọ̀dù ràútà yín padà, ẹ máa gbé fámúwíà tuntun sínú rẹ̀ bó bá jáde, ìyẹn ò le rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀, tí ohùn kan sì bi yín bóyá ẹ ti jẹun, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí ebi tilẹ̀ fẹ́ pa yín kú, ẹ ní ẹ ti yó.