Abọ́sẹ̀dé Gbé Ìwé Ìròyìn Rẹ̀ Lọ Sáàárín Àwọn Ahunṣọ

Ọdún 1981 ni Abọ́sẹ̀dé Olúsọjí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìròyìn kékeré kan ní Ìsẹ́yìn. Tíṣà ni. Àwọn ọmọdé ló ń kọ́ láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn àgbà wọ̀nyí á mọ̀wé kà tán, wọn ò ní í rí nǹkan kà, wọ́n á sì gbàgbé. Ló bá ń kọ ojú ewé méjì lóṣooṣù, ó pè é ní "Ẹ Wá Kà Á", ó ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń fọwọ́ yí ní ilé-ìwé tẹ ẹ̀dà ogójì.

Oṣù mẹ́rin kọjá, ogójì náà ò tán rí. Lọ́jọ́ kan ó ra ẹ̀pà lọ́wọ́ Àdìjátù tó ń pàtẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, àfi bó ṣe rí i pé ìwé òun ni wọ́n fi dì í. Kò lè bínú. Àdìjátù gan-an wà lára àwọn tó ń kọ́ nírọ̀lẹ́.

Ó wá rò ó pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá wà ló yẹ kí ìwé lọ, kò sì síbi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí ní Ìsẹ́yìn ju abẹ́ àtíbàbà àwọn ahunṣọ lọ. Ọwọ́ wọn kì í kúrò lára òfì, ẹnu wọn kì í kúrò nínú àríyànjiyàn. Ó lọ, ó dúró láàárín wọn, ó ṣàlàyé títí, ó pín ìwé. Wọ́n dúpẹ́. Nígbà tó padà lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan ti tẹ́ ẹ sídìí jókòó lé. Mọ́nsúrù, ahunṣọ kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ló là á mọ́lẹ̀ fún un.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Ẹ wá, ẹ sọ tiyín, ẹ lọ. Ẹ ò gbọ́ tiwa. Ta ló fẹ́ ka ìwé ẹni tí kò gbọ́ tiẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òfìfo ló ń gbé lọ síbẹ̀. Á jókòó sórí àpótí, á bá wọn tú òwú tó bá lọ́, á sì máa gbọ́. Bí wọ́n bá ní kó bá àwọn ka lẹ́tà, á kà á. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò dárúkọ "Ẹ Wá Kà Á".

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni iyàn dé: ṣé kí ọmọ ahunṣọ kọ́kọ́ mọ òfì ni, àbí kó kọ́kọ́ mọ̀wé? Bàbá Ládòkun, tó dàgbà jù níbẹ̀, ní òfì ni, nítorí pé ọwọ́ ọmọdé rọ̀. Bó bá ti gbó, kò ní í gbọ́ mọ́. Mọ́nsúrù ní kí bàbá má bínú, ìwé ni. Abọ́sẹ̀dé kọ gbogbo ohun tó gbọ́ sínú ìwé oṣù náà, pẹ̀lú orúkọ kálukú.

Ó ti pín in tán kó tó yé e pé òun ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹta, Àwáwù, ọmọ Bàbá Ládòkun, wá bá a ní kíláàsì.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bàbá ní kí n pè yín."

"Ṣé inú ń bí wọn ni?"

"N ò mọ̀ mà. Èmi ni mo ka ìwé yẹn fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n kà á."

Abọ́sẹ̀dé tẹ̀ lé e lọ sí àtíbàbà. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Bàbá Ládòkun dá òfì dúró.

"Dìde, ọmọ mi. Kí lo ṣe tí o ń bẹ̀bẹ̀? Ìlàjì ọ̀rọ̀ mi lo kọ. Mo ní kó kọ́kọ́ mọ òfì. Ṣé mo ní kó má mọ̀wé ni? Ìlàjì yòókù dà?"

"Bàbá, n ò gbọ́ ìyẹn. Bóyá mo ti lọ."

"O ti lọ lóòótọ́. Jókòó kí n sọ ọ́ tán. Kí o sì fún mi ní ìwé náà mẹ́wàá. Àbúrò mi tó wà ní Àgọ́-Àrẹ gbọ́ pé orúkọ mi wà nínú ìwé, kò gbà gbọ́."

Abọ́sẹ̀dé jókòó, ara tù ú pẹ̀sẹ̀, ẹ̀rín sì ń pa á láìnídìí. Kó tó kọ ọ̀rọ̀ bàbá tán, ẹni mẹ́ta ti ń dúró láti sọ tiwọn.

Ọgọ́jọ ló tẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà kí wọ́n tó tán. Àwọn ará Àgọ́-Àrẹ fèsì padà, wọ́n ní ti Bàbá Ládòkun ò tọ̀nà. Mọ́nsúrù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀ wá, lẹ́tà gbàgẹ̀rẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, Abọ́sẹ̀dé sì fún un ní ààyè tó gbòòrò jù lójú ewé àkọ́kọ́.